Bí a ṣe ń fi èsì ìwádìí yẹ ọ̀rọ̀ nípa ìdá àwùjọ wò, láti orí àbá dé orí ìpinnu

Ẹnìkan sọ pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn kan fẹ́ nǹkan kan. Ẹ ṣe ìwádìí, ẹ bi díẹ̀ nínú wọn léèrè, èsì tí ẹ rí jẹ́ 54 àti ààbọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹni náà kò rí bẹ́ẹ̀ ni, àbí àwọn tí ẹ bá pàdé ló kàn ṣe kòńgẹ́ pé wọn kò fẹ́ ẹ tó àwọn yòókù? Ìbéèrè yìí ni ìdánwò àbá lórí ìdá àwùjọ ń dáhùn.

Ìṣirò inú rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ ìṣirò tẹ̀ yóò parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù kì í sí nínú ìṣirò rárá: ó wà nínú ohun tí a pinnu tàbí tí a kò pinnu kí èsì tó dé, àti nínú ọ̀nà tí a gbà mú àwọn tí a bi. Nítorí náà, mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí àwọn ìgbésẹ̀ ìṣáájú, mo sì máa yára kọjá níbi tí kò sí wàhálà.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la máa mú lò, àròsọ sì ni. Iléeṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ 9,000. Àwọn ọ̀gá ní 60% nínú òṣìṣẹ́ wọn fara mọ́ ètò tuntun kan tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ìbéèrè náà di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́

Ìdánwò yìí kò mọ ohun mìíràn ju apá méjì lọ. Olúkúlùkù ẹni tí a bi gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá kan: ó fara mọ́ ọn, tàbí kò fara mọ́ ọn. Ó dà bí ohun tó rọrùn títí ẹ ó fi rí ìwé ìbéèrè tí ènìyàn kan kọ «mi ò tíì mọ̀» sí. Níbo ni ẹ máa ka ẹni yẹn sí?

Ẹ wo bí ó ti tóbi tó. Ká ní ènìyàn 400 dáhùn, 218 fara mọ́ ètò náà, 152 kò fara mọ́ ọn, 30 kò tíì mọ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo wọn, 218 nínú 400 jẹ́ 54.5%. Bí ẹ bá yọ àwọn 30 yẹn kúrò, 218 nínú 370 ti di 58.9%, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tí àwọn ọ̀gá sọ. Ìwé ìbéèrè kan náà ni, ènìyàn kan náà ni, ìpinnu méjì tó tako ara wọn ló sì máa jáde. Kò sí ìṣirò tó lè sọ èyí tó tọ̀nà fún yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń yẹ̀ wò ni kí ẹ padà sí: àwọn ọ̀gá ní 60% «nínú òṣìṣẹ́» fara mọ́ ọn, wọn kò sọ pé nínú àwọn tó ti pinnu. Ẹni tí kò tíì mọ̀ kò tíì fara mọ́ ọn, nítorí náà 400 la máa lò. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ẹ kọ ìpinnu yìí sílẹ̀ kí ìwé ìbéèrè kankan tó padà dé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ àbá méjèèjì

Àbá àkọ́kọ́, H0, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò bí a ṣe sọ ọ́: p = 0.6. Lẹ́tà p dúró fún ìdá inú gbogbo òṣìṣẹ́ 9,000, kì í ṣe ìdá inú àwọn tí ẹ bi. Àbá kejì, H1, ni èyí tó tako ti àkọ́kọ́.

Ibí yìí ni ẹ ti máa yàn bóyá ẹ ń wo apá kan tàbí apá méjèèjì. Bí ẹ bá kọ p ≠ 0.6, ẹ ti gbà láti rí i bóyá ó lé tàbí ó dín. Bí ẹ bá kọ p < 0.6, ẹ ń sọ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ 90%, kò kàn yín. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè sọ pé dídín nìkan ló kan àwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ òótọ́ kò yẹ kó di ojú kan, èmi a sì máa yan apá méjèèjì àyàfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà. Wíwo apá kan máa ń gé p-value, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí irú èsì yín ṣe ṣọ̀wọ́n tó bí H0 bá jẹ́ òótọ́, sí méjì bí èsì bá bọ́ sí apá tí ẹ yàn. Ẹni tó dúró kí èsì dé kó tó yan apá kan ti fún ara rẹ̀ ní ẹ̀bùn tí kò tọ́ sí i.

Irú ìdánwò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1710, John Arbuthnot kó àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ọmọ ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù jọ fún ọdún 82, láti 1629 sí 1710. Ó rí i pé lọ́dọọdún ni iye ọmọkùnrin ju ti ọmọbìnrin lọ. Bí ó bá jẹ́ pé bákan náà ni àyè pé ọkùnrin yóò pọ̀ jù tàbí obìnrin yóò pọ̀ jù lọ́dún kọ̀ọ̀kan, àyè pé gbogbo ọdún 82 yóò jẹ́ ti ọkùnrin ni ìdajì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ní ìgbà 82. Nọ́ńbà yẹn kéré débi pé kò sí bí a ṣe lè fi pè é ní kòńgẹ́. Ó ní ọwọ́ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀. Ẹ lè gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀nà tó gbà ronú náà la ṣì ń gbà títí dòní.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ààlà, kí ẹ sì yan iye ènìyàn

Ààlà náà là ń pè ní alpha. Bí ẹ bá fi í sí 0.05, ẹ ti gbà pé bí H0 bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nǹkan bí ìwádìí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú èyí yóò dá a lẹ́bi láìṣẹ̀. Kò sí òfin kan tó ní 0.05 ló gbọ́dọ̀ jẹ́; Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ló gbé e lárugẹ ní 1925, ó sì ti di bárakú. Bí àṣìṣe yín bá lè na ẹlòmíràn ní nǹkan ńlá, ẹ lo 0.01.

Àṣìṣe kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: kí H0 jẹ́ irọ́, kí ìwádìí yín má sì rí i. Iye ènìyàn tí ẹ bi ló ń dín èyí kù. Ká ní òótọ́ ibẹ̀ ni pé 55% péré ló fara mọ́ ètò náà. Bí ẹ bá bi 400 ènìyàn, àyè tí ẹ ní láti rí i pé kì í ṣe 60% kò ju nǹkan bí 53% lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àyè náà tó 80%, ẹ máa nílò ènìyàn bí 760. Kí ẹ tó ná owó lórí ìwádìí, ẹ bi ara yín léèrè pé ìyàtọ̀ tó kéré jù wo ló máa mú yín ṣe nǹkan. Bí ìyàtọ̀ márùn-ún bá ṣe pàtàkì sí yín, 400 kò tó. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá ló kàn yín, 400 tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú ènìyàn bí ẹni ṣẹ́ gègé

Gbogbo ìṣirò tó ń bọ̀ dúró lórí ohun kan: pé àyè kan náà ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti bọ́ sínú sáńpù, ìyẹn àwọn díẹ̀ tí a mú láti bi. Ẹ gba orúkọ gbogbo 9,000, ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà fún yín. Bíbi àwọn tí ẹ bá lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe gègé. Fífi ìbéèrè sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù dáhùn kò jọ ọ́ rárá.

Púpọ̀ kì í wo àìdọ́gba sàn. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìbò àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn, ó sì gba ìdáhùn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ó ní Alf Landon ni yóò wọlé sípò ààrẹ. Franklin Roosevelt ló wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí 61% ìbò. Inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ wọn, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn aláìní kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì; àwọn tí kò fẹ́ Roosevelt ló sì tún dá èsì padà jù. George Gallup, olùṣèwádìí èrò ará ìlú tí sáńpù tirẹ̀ kéré sí ìyẹn gan-an, sọ pé Roosevelt ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mú orúkọ 640, 400 nínú wọn sì dáhùn. Ẹ fi nọ́ńbà 240 tí kò dáhùn sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wò ó bóyá ìṣirò náà gba ibẹ̀

Ó yára. Ẹ sọ iye ènìyàn di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá inú H0: 400 lọ́nà 0.6 jẹ́ 240. Ẹ ṣe ti apá kejì: 400 lọ́nà 0.4 jẹ́ 160. Bí méjèèjì bá tó 10 ó kéré tán, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Ẹ tún wò ó pé sáńpù kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo àwùjọ lọ; 400 nínú 9,000 kò tó ìyẹn.

Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá pé 10, ẹ fi ọ̀nà z tí mo fẹ́ ṣàlàyé sílẹ̀, kí ẹ lo ìdánwò binomial tó pé pérépéré. Nínú R, ètò kọ̀ǹpútà kan fún ìṣirò, binom.test ni orúkọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fa ìlà kí ẹ tó ka èsì

Ìwé ìṣirò kì í sábà darúkọ ìgbésẹ̀ yìí, èmi kì í sì í fò ó. Ẹ kọ́kọ́ wá standard error, ìyẹn bí ìdá inú sáńpù ṣe máa ń fì sókè sódò láti sáńpù kan sí òmíràn bí H0 bá jẹ́ òótọ́. Ẹ sọ 0.6 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.4, ó di 0.24. Ẹ fi 400 pín in, ó di 0.0006. Ẹ tẹ bọ́tìnì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ó di 0.0245.

Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.96, tó jẹ́ nọ́ńbà alpha 0.05 fún apá méjèèjì, ẹ ó rí 0.048. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 0.6, kí ẹ sì tún rò ó mọ́ 0.6: 0.552 àti 0.648. Nínú 400 ènìyàn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọn tó fara mọ́ ètò náà bá jẹ́ 220 tàbí tí wọ́n dín sí i, ẹ máa da H0 nù. Bí wọ́n bá jẹ́ 260 tàbí tí wọ́n lé, ẹ máa dà á nù pẹ̀lú. Láàárín 221 sí 259, ẹ kò ní ẹ̀rí tó. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí àwọn ọ̀gá àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Àríyànjiyàn tí ì bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èsì ti parí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìṣirò

Èsì dé: 218. Ìdá inú sáńpù, p̂, jẹ́ 218 tí a fi 400 pín, ìyẹn 0.545. Ẹ yọ 0.6 kúrò nínú rẹ̀, ó kù −0.055. Ẹ fi 0.0245 pín in, ẹ ó rí z, ìyẹn iye standard error tí èsì yín fi jìnnà sí 0.6:

z = −0.055 ÷ 0.0245 = −2.245

Àwọn kan máa ń fi 0.545 dípò 0.6 nínú standard error. Ìyẹn kò bá ìbéèrè mu. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, ká gbà pé 60% ni, báwo ni èsì yìí ṣe jìnnà tó? Bí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, 0.6 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Láti rí p-value, ẹ lo tábìlì z tàbí kọ̀ǹpútà. Nínú Excel, =2*NORM.S.DIST(-2.245,TRUE) máa fún yín ní 0.0248. Nínú R, ẹ kọ prop.test(218, 400, p = 0.6, correct = FALSE), ẹ ó rí 0.0247, kíké nọ́ńbà kúrò ló fa ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá gbàgbé correct = FALSE, R máa ṣe àtúnṣe kékeré kan fúnra rẹ̀, p-value á sì di nǹkan bí 0.028. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, ẹ kàn sọ èyí tí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ka p-value bó ṣe yẹ

0.0247 kéré sí 0.05, 218 sì wà lábẹ́ 220, nítorí náà a da H0 nù. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ nìyí: bí ó bá jẹ́ 60% lóòótọ́, nǹkan bí méjì àti ààbọ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún sáńpù irú èyí ni yóò jìnnà sí 60% tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sọ pé àyè 2.5% ni àwọn ọ̀gá ní láti jàre. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé mo ti rí i nínú ìwé àwọn tó ń fi ìṣirò jẹun. p-value gbà pé H0 jẹ́ òótọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò lè tún yí padà kó sọ bí H0 ṣe jẹ́ òótọ́ tó.

Bẹ́ẹ̀ náà, ká ní 225 ni èsì, a kò ní sọ pé «ó dájú pé 60% ni». Ohun tí a máa sọ ni pé a kò rí ẹ̀rí tó láti da ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá nù. 58% àti 57% náà lè wà lẹ́yìn irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan kò tó. Ẹ wá àlàfo tí ìdá gidi ṣeé ṣe kó wà. Fún èyí, 0.545 la máa lò báyìí, nítorí pé a kò gbà 0.6 mọ́: 0.545 lọ́nà 0.455, ẹ fi 400 pín in, ẹ tẹ √, ó jẹ́ 0.0249. Lọ́nà 1.96, ó jẹ́ 0.049. Àlàfo náà wá lọ láti 49.6% sí 59.4%. Bí sáńpù bá kéré tàbí tí ìdá bá sún mọ́ òdo tàbí ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà tí Edwin Wilson gbé jáde ní 1927 sàn ju èyí lọ, òun náà sì ni prop.test ń lò.

Ẹ wo ohun tí àlàfo yìí ń sọ tí p-value kò sọ. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ jẹ́ 59%, tí àwọn ọ̀gá kàn fi díẹ̀ tàsé. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdajì òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ fara mọ́ ọn.

Iye ènìyàn ló ń mú p-value lọ sókè sódò jù. Ká ní 200 ènìyàn ni ẹ bi tí 109 fara mọ́ ọn, 54.5% náà ni, ṣùgbọ́n p-value á jẹ́ nǹkan bí 0.11, ẹ kò sì ní lè da H0 nù. Nínú àwùjọ tó tóbi gan-an, bí ẹ bá bi 10,000 tí 5,900 sọ bẹ́ẹ̀ ni, p-value á jẹ́ 0.04, ẹ ó da H0 nù, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ẹyọ kan péré ló wà láàárín 59 àti 60. Ta ni ìyẹn ṣe pàtàkì fún?

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ gbìyànjú láti wó èsì yín

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn 240 tí kò dáhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sáńpù tí ó gbọ́ ẹnu àwọn tó wù láti sọ̀rọ̀ nìkan wà nínú ewu yẹn. A kò mọ ohun tí wọ́n rò, ṣùgbọ́n a lè ṣírò ohun tí wọn ì bá rò kí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tó lè jẹ́ òótọ́. 60% nínú 640 jẹ́ 384. A ti ní 218, ó ku 166. 166 nínú 240 jẹ́ 69%. Ìyẹn ni pé bí 69% nínú àwọn tó dákẹ́ bá fara mọ́ ètò náà, sáńpù náà yóò bọ́ sí 60% géérégé. Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́? Bí àwọn tó dákẹ́ bá jẹ́ àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé tẹ́lẹ̀, bóyá. Ẹ wá díẹ̀ nínú wọn rí, kódà bí ó bá jẹ́ ogún, kí ẹ sì bi wọ́n.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe mú ènìyàn. Ká ní ẹ kò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé ẹ mú ẹ̀ka iṣẹ́ bíi mélòó kan tí ẹ sì bi gbogbo inú wọn. Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sábà máa ń rò bákan náà, nítorí náà ènìyàn 400 lè má ní ìmọ̀ tó 400 nínú. Bí ìjọra èrò yẹn bá pọ̀ débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fi 1.5 pín iye ènìyàn yín, 400 di 267, z di −1.83, p-value sì di 0.067. Ìpinnu yí padà. Bí ìwádìí yín bá jẹ́ oníṣùpọ̀, tàbí tí ẹ fún ìdáhùn àwọn kan ní ìwọ̀n tó ju ti àwọn mìíràn lọ, ẹ má lo ìlà ìṣirò tó wà lókè yìí lásán. Ẹ lo ètò tó mọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, bíi àkójọ «survey» inú R.

Ìgbésẹ̀ 11: Ẹ kọ èsì náà

Ìpínrọ̀ kan tó. Ti àpẹẹrẹ wa lè lọ báyìí:

«A fi gègé mú òṣìṣẹ́ 640 nínú 9,000, 400 dáhùn. A ka ẹni tí kò tíì pinnu mọ́ àwọn tí kò fara mọ́ ètò náà, gẹ́gẹ́ bí a ti pinnu kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. 218 ló fara mọ́ ọn, ìyẹn 54.5%, àlàfo 95% rẹ̀ jẹ́ 49.6% sí 59.4%. A yẹ H0: p = 0.6 wò lápá méjèèjì pẹ̀lú alpha 0.05: z = −2.245, p-value = 0.025. A da H0 nù. Èsì yìí kò ní dúró bí nǹkan bí 69% tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí kò dáhùn bá fara mọ́ ètò náà.»

Ẹ má yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò nítorí pé ó ń dín agbára èsì yín kù. Bí ẹ̀yin kò bá sọ ọ́, àwọn ọ̀gá á sọ ọ́ fún yín nípàdé.